Ọjọ́ Tí Mo Gbé Ẹran Ara Mi Wọ Ọjà Ọba

Ọjọ́ kan wà tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dáná sun mí l'Ọ́jà Ọba, ní Òṣogbo, nítorí ẹran tí kò ju hóró àgbàdo kan lọ. Ẹran ara mi sì ni o. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà báyìí, inú á tún máa bí mi bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹ bá mi dá a, bóyá mo lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú tàbí mi ò lẹ́tọ̀ọ́.

Láyé àwọn ológun ni. Fóòmànù ni mí nígbà náà ní ilé búrẹ́dì kan ní Iléṣà. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ nídìí ààrò búrẹ́dì rí mọ̀ pé ẹ̀wù kì í dúró lára níbẹ̀. Ṣòkòtò nìkan la fi ń ṣiṣẹ́, òógùn á máa ṣàn, ìyẹ̀fun á sì máa lẹ̀ mọ́ òógùn. Ibi tí bẹ́líìtì máa ń jókòó sí níbàdí mi ni nǹkan kan ti yọ, ó rí roboto, ó pọ́n díẹ̀, ó sì ń yún mi. Mo rò pé ooru ni. Mo sọ fún Ráfíátù, ọmọ Òṣogbo tó ń ṣe tíṣà ní Iléṣà, ẹni tí mo ti ń múra láti fẹ́. Ráfíátù bá mi wá ìpara kan tó wà nínú túùbù kékeré. Bí mo bá fi ra á, yíyún rẹ̀ á dáwọ́ dúró, pupa rẹ̀ á rọlẹ̀. Bí mo bá gbàgbé láti ra á, á tún gbòde. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ra á, bẹ́ẹ̀ ló ń fẹ̀, títí tó fi gun ẹ̀gbẹ́ mi, tí àwọ̀ ibẹ̀ ṣì, tí kò sì jọ ohunkóhun tí èèyàn lè fún lórúkọ mọ́.

Ṣé ẹ rí i, bó bá mọ síbẹ̀, kò sóhun tó burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n Ráfíátù ọkùnrin, tí à ń pè ní Búròdá Múfú, kò rí ọjọ́ mìíràn tó fẹ́ yà kí mi lẹ́nu iṣẹ́ àfi ọjọ́ tí ooru ààrò mú jù. Mo jáde sí i láìwọ ẹ̀wù. Kò wo ojú mi. Ìbàdí mi ló ń wò. Mo fún un ní búrẹ́dì gbígbóná kan, ó dúpẹ́, ó sọ ọ́ sórí bẹ́ńṣì, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ta ló ń gbàgbé búrẹ́dì gbígbóná?

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá Ráfíátù ránṣẹ́ pè mí sí Òṣogbo. Ìkòkò àti abọ́ ni ìyá yìí ń tà l'Ọ́jà Ọba, Ìyá Oníkòkò ni gbogbo ọjà ń pè é. Mùsùlùmí ni wọ́n, ọmọ Mẹ́tọ́díìsì lèmi, wọn ò sì torí ìyẹn kọ̀ mí. Wọn ò torí pé mo jẹ́ Ìjẹ̀ṣà kọ̀ mí pẹ̀lú. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo rò pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìdáná la fẹ́ sọ.

"Ọmọ mi, mi ò ní fi bò fún ọ," ni ìyá wí. "Wọ́n ní ẹ̀tẹ̀ ń bẹ lára rẹ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, Mà?"

"Torí ẹni tó sọ ọ́ kọ́ ni mo ṣe pè ọ́. Lọ fara han dókítà. Tí dókítà bá ní kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, ìyàwó rẹ ni Ráfíátù, Ínṣà Allāhù. Tó bá jẹ́ òun ni, kí kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ o. Bí ọjà bá gbọ́ pé ẹ̀tẹ̀ ń bá ẹbí mi tan, ta ni yóò tún fọwọ́ kan ìkòkò mi?"

A kì í bínú sí ìyá ìyàwó lójú rẹ̀. Mo ní "Ẹ ṣeun, Mà," mo gbé ìbínú mi padà sí Iléṣà, mo fi po ìyẹ̀fun. Búrẹ́dì ọjọ́ kejì le débi pé oníbàárà kan bi wá bóyá a ti ń ta búlọ́ọ̀kù.

Dókítà obìnrin kan ni mo bá pàdé nílé ìwòsàn. Ó ní kí n dijú. Ó ń fi òwú tútù kan ara mi fẹ́ẹ́rẹ́, ó ní kí n máa sọ bí mo bá ti mọ̀ ọ́n lára. Lẹ́yìn náà ó fi ẹnu abẹ́rẹ́ gún mi díẹ̀díẹ̀, lórí ojú ibi tó ṣì àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀ lára, mo sì jẹ́ kó mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ẹ̀tẹ̀ sábà máa ń jẹ́ kí ojú ibẹ̀ kú. Tiyín ò kú. Ṣùgbọ́n ìrísí rẹ̀ ò yé mi. Ṣé ẹ ń fi nǹkan kan ra á ni?"

Mo ní rárá. Kí ló kàn án níbẹ̀? Èmi tí wọ́n ti pè ní adẹ́tẹ̀, kí n tún máa ròyìn ìpara obìnrin?

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, màá mú díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò."

"Díẹ̀ nínú kí ni?"

"Awọ ara yín."

Kí n tó ronú ibi tí mo máa gbà sá, ó ti fún mi ní abẹ́rẹ́ tí ń pa ojú ara kú. Abẹ́rẹ́ yẹn ta mí bí oyin, lẹ́yìn náà n kò mọ nǹkan kan lára níbẹ̀ mọ́. Ó mú irin kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ rí roboto bí ìdérí báírò, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí ibi tó ṣì náà, ó sì yí i bí káfíńtà tó ń lu pákó. Ó ní etí rẹ̀ ló yẹ kéèyàn ti mú un, torí ibẹ̀ ni àrùn náà ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, àárín lè ti di àpá lásán. Ó fi ẹ̀mú gbé e, ó fi sísọ́ọ̀sì gé ìdí rẹ̀, ó fi òwú rán ojú ihò náà, ó lẹ plásítà mọ́ ọn. Ẹran ara mi wá ń léfòó nínú ìgò kékeré kan, nínú oògùn tó mọ́ bí omi, ṣùgbọ́n tí òórùn rẹ̀ ń ta imú.

"Ẹ má bu omi sí i, ẹ má sì jẹ́ kó gbẹ. Oògùn yìí ni kò ní jẹ́ kó jẹrà. Òṣogbo ni wọ́n ti máa bá wa wò ó."

"Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ìgbà wo ni kí n padà wá gbọ́ èsì?"

"Kò tíì kan èsì. Mọ́tò wa ò rí epo rà. Ẹ máa bá wa gbé e lọ."

"Èmi? Kí n máa gbé ẹran ara mi kiri?"

"Ṣé ẹlòmíràn lẹ fẹ́ ká gbé e fún?"

Mo gba ìgò náà àti ìwé tó kọ mọ́ ọn, mo tì wọ́n sápò ẹ̀wù mi, mo jáde láìkí i pé ó dàbọ̀.

Ọ̀wọ́n epo wà lóòótọ́. Oòrùn ti pa mí gan-an ní gáréèjì kí n tó rí Dátsọ̀n kan tó ń lọ sí Òṣogbo. Àwa mẹ́rin ni wọ́n kó sẹ́yìn. Èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, irin tí wọ́n fi ń yí wíńdò sì dojú kọ ìbàdí mi gẹ́lẹ́, níbi tí wọ́n ti lu mí. Ìyá kan tó gbé agbọ̀n adìẹ lé itan ló fún mọ́ mi lápá kejì. A ò tíì rìn jìnnà tí agbára abẹ́rẹ́ dókítà fi tán. Gbogbo ihò tí mọ́tò bá kó sí, irin á gún mi, adìẹ á ké, ìgò á mì. Ìdérí rẹ̀ ò sì fún dáadáa.

Ọkùnrin tó jókòó níwájú ló kọ́kọ́ fa imú. "Dẹ́rẹ́bà, òórùn kí nìyí? Ó jọ òórùn mọ́ṣúárì."

Ìyá aládìẹ yíjú sí mi. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú o, àpò yín ló ti ń wá."

"Oògùn ni, Mà."

"Oògùn wo ló ń rùn bẹ́ẹ̀?"

"Mà, ẹ jẹ́ kí n simi."

Kò jẹ́ kí n simi. Ó na ọrùn wo inú àpò mi. "Háà, nǹkan wà nínú ẹ̀ o. Ó jọ ẹran."

Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni mọ́tò kó sí ihò ńlá kan. Irin wíńdò wọ ojú egbò mi wọra. Gbogbo ìbínú tí mo ti ń kó jọ láti ọjọ́ tí Búròdá Múfú ti fi búrẹ́dì mi sílẹ̀ lórí bẹ́ńṣì gba ẹnu mi jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ẹran èèyàn ni! Ṣé ẹ máa jẹ níbẹ̀?"

Dẹ́rẹ́bà pa rédíò. Ìyá aládìẹ fà sí ẹ̀gbẹ́ kejì tó fi jókòó lé ẹni tó wà níbẹ̀ lẹ́sẹ̀, ààyè wá gbà mí. Mo na ẹsẹ̀. Inú mi dùn pé mo ti pa wọ́n lẹ́nu mọ́ níkẹyìn. Ẹ wo òmùgọ̀ èèyàn!

Nígbà tí a wọ Òṣogbo, mo ní kí dẹ́rẹ́bà já mi sílẹ̀ níbi tí dókítà júwe. Ó ń wò mí nínú jígí, ó tẹ mọ́tò náà, àfi Ọjà Ọba. Ó dúró láàárín èrò, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó bọ́ sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Ẹ gbà mí o! Afènìyàn-ṣòògùn-owó rèé! Ó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́!"

Ẹ ò ní gbà gbọ́ bí ọjà ṣe yára tó. Kí n tó sọ pé "ẹ dákun", wọ́n ti fà mí jáde, ẹ̀wù mi ti ya, ọkùnrin kan tó sanra ti fi ọwọ́ méjèèjì di ṣòkòtò mi mú níbàdí. Lórí egbò! Mo bú gbàmù. Ọ̀kan gba ìgò, ó gbé e sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i. Òmíràn gba ìwé tó wà pẹ̀lú rẹ̀, ó wo ìkọ̀wé dókítà síwá sẹ́yìn, ó ní hántú ni, ìwé oògùn, ó jù ú sílẹ̀ bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Mo fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n bí inú bá bí mi dé gongo, èdè Ìjẹ̀ṣà nìkan ní í máa jáde lẹ́nu mi, ti ìyá ìyá mi gan-an, tó jinlẹ̀. Mo ń sọ ọ́ kíákíá pé ara mi ni dókítà ti gé e, mo ń gbọn orí.

"Ọfọ̀ ló ń pè yẹn o! Ẹ dí i lẹ́nu!"

Wọ́n gbá mi létí lápá ọ̀tún, wọ́n gbá mi lápá òsì. Nígbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn tó ní, "Ẹ lọ wá táyà wá." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín níbí. Mo ti rí ohun tí táyà ń ṣe fún èèyàn rí lójú títì. Ìbínú tí mo gùn bí ẹṣin láti Iléṣà sọ mí sílẹ̀ ó sì sá lọ.

Ìgbà náà ni mo rí Ìyá Oníkòkò, òun nìkan ni ohun tí mo ń ké yé. Ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ la èrò, ìborùn ti bọ́ kúrò lórí rẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀! Ọkọ ọmọ mi ni!"

"Ìyá Oníkòkò, ẹran èèyàn la bá lọ́wọ́ rẹ̀."

"Mo mọ̀! Èmi ni mo ní kí wọ́n gé e!"

Ìyá kúkú fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ yàtọ̀. Ẹnì kan pariwo pé, "Háà! Ìyá náà ń bẹ níbẹ̀!" Àwọn méjì sì gba ìyá náà lápá mú. Bẹ́ẹ̀ ni àna àti ọkọ ọmọ ṣe di ọ̀daràn papọ̀ kí wọ́n tó ṣe ìdáná. Ìyá wò mí, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Tú ṣòkòtò rẹ."

"Mà?"

"Mo ní kí o tú u! Fi ibi tí wọ́n ti gé e hàn wọ́n!"

Ẹni tí wọ́n ń wá táyà fún kì í ṣakọ. Mo yí padà, mo tú bẹ́líìtì, mo sọ ṣòkòtò kalẹ̀ níwájú ìyá tí mo fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀, àwọn aláṣọ, àwọn alátẹ àti àwọn alábàárù. Ọkùnrin tó sanra ṣí plásítà náà wò. Ó ní kí wọ́n gbé ìgò sún mọ́ ọn. Ó wo ihò, ó wo ẹran, ó tún wo ihò.

"Ó bára mu o," ló wí, bí ẹni tó ń wọn bàtà.

Ariwo rọlẹ̀ díẹ̀. Ọkùnrin tó di ìgò mú wá béèrè pé, "Kí ni wọ́n wá ń yẹ̀ wò lára rẹ̀?"

Mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ tó kàn máa ná ìyá. Ó wo ìsọ̀ rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, níbi tí ìkòkò tò sí gègèrè, ó sì là á.

"Mo ń bẹ̀rù pé ẹ̀tẹ̀ ni."

Gbogbo ọwọ́ tó dì mí mú já sílẹ̀ pọ̀. Ọkùnrin tó sanra fi ọwọ́ nu ṣòkòtò ara rẹ̀, ó tún fi nu ògiri. Èrò fà sẹ́yìn, ó wá ku èmi àti ìyá láàárín agbo ńlá kan. Ẹni tó di ìgò mú pariwo "Yéè!", ó jù ú sílẹ̀, ìgò fọ́. Ẹran ara mi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń tàn nínú oòrùn. Adìẹ kan sì ti já nínú agbọ̀n ìyá tí a jọ wọkọ̀, ó ti ń rìn kiri láàárín rògbòdìyàn láti ìgbà yẹn. Ó rìn wá jẹ́jẹ́, ó tẹ orí sápá kan, ó wò ó dáadáa.

Ó ṣà á jẹ.

Ẹ̀rín tó bẹ́ lọ́jà lọ́jọ́ náà, bí wọ́n bá gbọ́ ọ ní Ìkìrun, kò yà mí lẹ́nu. Ìyá aládìẹ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbá mi ní ẹ̀wù mú, ó ní ta ni yóò ra adìẹ tó jẹ adẹ́tẹ̀ lọ́wọ́ òun. Mo fa ṣòkòtò mi sókè, mo sọ ọ̀rọ̀ kan fún un tí n kò lè tún sọ níhìn-ín.

Ìyá Oníkòkò mú mi lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, ó bu omi fún mi nínú abọ́ tuntun.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Rárá, Mà."

"Irọ́ ni."

Mo gbé abọ́ náà kalẹ̀. N kò mọ ìgbà tí mo sọ ọ́. "Mà, ẹ dárí jì mí, àmọ́ mo máa sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ pè mí, ẹ ò bi mí bóyá ara mi le. Ọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe máa rí ìkòkò tà lẹ sọ."

Mo retí èébú. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo àwọn tó ń kọjá, tí wọ́n ń gba ẹ̀yìn kọjá kí aṣọ wọn má bàa kan ìkòkò rẹ̀. "Òótọ́ ni," ló wí. "Ọ̀la, a ó jọ lọ bá dókítà náà."

A jọ lọ. Nígbà tí dókítà gbọ́ pé adìẹ ló jẹ àyẹ̀wò rẹ̀, ó jáde kúrò nínú yàrá, a sì ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìta. Inú tún bí mi. Ó wọlé padà, ó nu ojú, ó ní a ó tún un lù. Kó tó gbé irin, ó tún bi mí bóyá mo ń fi nǹkan ra á. Mo fẹ́ sọ pé rárá, ṣùgbọ́n ìyá ti ń wò mí, mo bá yọ túùbù náà lápò. Dókítà kò tíì fọwọ́ kàn án tí ìyá fi fò dìde.

"Ìpara mi nìyí! Ráfíátù! Mo ti wá a títí!"

Ìpara tí ìyá fi ń bó ara ni o! Dókítà mi orí. Ó ní ìpara bẹ́ẹ̀ a máa pa yíyún lẹ́nu mọ́, àmọ́ á máa bọ́ àrùn nísàlẹ̀, á sì pa ìrísí rẹ̀ dà débi tí ojú ò ní dá a mọ̀. Ó ní bí mo bá ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kó máà tíì lù mí rárá. Ó tún mi lù ṣá, kó lè dá gbogbo wa lójú. Ìyá di ọwọ́ mi mú nígbà tí abẹ́rẹ́ wọlé, òun ló sì pariwo.

Ẹni kan láti ilé ìwòsàn ló gbé ìgò kejì lọ, èmi ní n kò gbé e. Nígbà tí èsì dé, làpálàpá ni. Làpálàpá lásán! Ìyá ní "Al-hamdu lillāhi." Dókítà wò ó, ó ní, "Màmá, bó bá tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀tẹ̀, oògùn rẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń wò ó sàn. Kì í ṣe ohun tí a fi ń tú ìdáná ká." Nínú mọ́tò ni ìyá tó sọ fún mi, láìwo ojú mi, pé, "Mo ti fẹ́ ṣìkà."

A ṣe ìgbéyàwó náà. Oògùn tó tọ́ pa làpálàpá mi rẹ́, ìyá sì ju túùbù tó kù nù. Ó pẹ́ kí ìkòkò tó tún tà dáadáa lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá mi lẹ́bi rí, èmi náà kò sì dá a lẹ́bi mọ́. Àwọn àgbà ní ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Tèmi ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, kò tún wọ ṣòkòtò. Ohun tí mo kọ́ ni pé bí dókítà bá bi mí léèrè, kí n dáhùn bó ṣe rí, bí èrò ọkọ̀ bá sì bi mí léèrè, kí n rọra dáhùn.

Síbẹ̀, nínú gbogbo àwọn tó dì mí mú lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì, ìyẹn ló ṣì ń bí mi nínú. Ní bíi ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, mo lọ ra bàtà l'Ọ́jà Ọba. Mo mọ ọkùnrin tó ń tà á lójú ẹsẹ̀: ọkùnrin tó sanra nì ni. Ó wò mí, ó fi ìka kan àgbọ̀n.

"Ọ̀gá, mo mọ ojú yín níbì kan."

"Kì í ṣe ojú mi lo mọ̀," ni mo dá a lóhùn. "Ìdí mi ni."

Ó kọ́kọ́ ya ẹnu. Nígbà tó yé e, ó sá lọ sẹ́yìn ìsọ̀, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Mo fẹ́ bínú. Mo sa gbogbo ipá mi láti bínú. Ẹ̀rín pa èmi náà.